Denon, Yamaha àbí Onkyo: Ẹ Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Covington yìí ni wọ́n ti ya The Vampire Diaries. Ẹni tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ó yẹ kó gbádùn fíìmù nílé. Ẹ̀rọ receiver là ń sọ lónìí, àpótí tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà inú pálọ̀.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Denon AVR-X1800H, Yamaha RX-V6A àti Onkyo TX-NR6100. Sípíkà méje ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé. Denon kọ watt 80 fún sípíkà kan, àwọn méjì yòókù kọ 100. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti nawọ́ sí 100. Ẹ dúró ná. Ìyàtọ̀ 80 sí 100 ò ju nǹkan bíi decibel kan lọ, agbára káká ni etí yín fi máa mọ̀ ọ́n. Kí ohùn tó fi decibel mẹ́ta ròkè, àfi kí watt di ìlọ́po méjì. Sípíkà méjì péré ni wọ́n sì tàn nígbà tí wọ́n wọn iye yẹn, kì í ṣe méjèèje. Láti ọdún 1974 ni àjọ FTC ti ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń polówó watt níbí. Àpótí olówó pọ́ọ́kú tó bá kọ 1000 sára, ẹ bi wọ́n pé sípíkà mélòó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń tún ohùn ṣe kó bá yàrá mu, nípa makirofóònù kékeré tí ẹ ó gbé síbi ìjókòó yín. Audyssey ni ti Denon, YPAO ni ti Yamaha, AccuEQ ni ti Onkyo. Lójú tèmi, Denon ló mókè.

Tó bá wá jẹ́ ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ìbàdàn lẹ fẹ́ gbé e lọ ńkọ́? Ẹ gbàgbé Denon àti Yamaha ná, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ń tà ní Georgia, 120 volt, 60 Hz ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná ti ilé jẹ́ 230 sí 240, 50 Hz. Adaptor kékeré yẹn ò dín iná kù o, ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà. Ẹ kì í bọ ògiri báyìí, owó ọ̀pọ̀ oṣù ti rú èéfín. Stepdown tó tóbi ju iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ á gbà yín, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hz di 60, ẹ̀rọ náà sì lè máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́, kí wọ́n ra receiver tó jẹ́ 230 volt nílé. Sípíkà lásán ni kẹ́ ẹ kó lọ láti ibí, torí kì í gba iná lára ògiri, 120 tàbí 240 ò kàn án. Subwoofer ni kẹ́ ẹ má ṣe kó mọ́ ọn, nítorí òun ní wáyà iná tirẹ̀.