Ẹ̀rù Ààrẹ Ló Bí Òfin Wa



Ẹ jẹ́ ká ṣí Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990. Abala 68 gbà pé bí ewu ńlá bá dé bá orílẹ̀-èdè, ààrẹ lè gbé ìgbésẹ̀ àrà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fikùn lukùn pẹ̀lú olórí ilé aṣòfin àti olórí ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ará ìlú. Abala 101 ní ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ló ń kéde ipò pàjáwìrì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ tẹnu ilé aṣòfin. Bó bá máa kọjá ọjọ́ 15, ilé aṣòfin nìkan ló lè fún wọn láyè.

Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí àwọn tó kọ ọ́ ń bá wí. Ọdún 1990 yẹn náà ni àpérò gbogbogbò fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo Mathieu Kérékou, ẹni tó fìbọn gbàjọba ní 1972. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ààrẹ ni wọ́n ń sá fún. Omi, iná àti eku kò sí lọ́kàn wọn.

Omi ló kọ́kọ́ dé. Ní 2010, 55 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 ni omíyalé kàn, ó sì dé bá nǹkan bí 680,000 èèyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó dá àjọ ààbò ará ìlú sílẹ̀. Ilé jó tán ká tó wá garawa, bó ti máa ń rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ eku ni mo fẹ́ jókòó tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, tí kò jìnnà sí Pàrákú tí a wà yìí rárá. Ìlú ààrẹ ìgbà náà, Boni Yayi, ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: eku sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà lóru, ó tọ̀ sínú gàrí tí wọn kò dé. Wọ́n jẹ gàrí náà. Ara ẹnìkan gbóná, wọ́n ní ibà lásán ni, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ láìwọ ìbọ̀wọ́. Bó ṣe ń dé ilé ìwòsàn nìyẹn. Ní 2014, nígbà tí àìsàn yìí kọlu Tanguiéta, òṣìṣẹ́ ìlera wà nínú àwọn tó kú, Èkó ni wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n.

Ẹni tó bá fara kan aláìsàn Lassa, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ẹ gbé 21 yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ 15 ti abala 101. Aago olóṣèlú ni ti òfin, kì í ṣe aago àìsàn.

Ìgbà tí kòrónà dé ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba kò tilẹ̀ kéde ipò pàjáwìrì. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ yí Kútọnu àti àwọn ìlú kan ní gúúsù ká, Ààrẹ Patrice Talon sì sọ gbangba pé kò sówó láti sé gbogbo ará ìlú mọ́lé. Òótọ́ ló sọ, èmi kò bá a jà. Ṣùgbọ́n a ti odò kọjá láìgba orí afárá tí òfin kọ́. Bí ẹlòmíràn bá tún fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí la ó sọ?

Ní tèmi, kì í ṣe agbára ààrẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Ó lé ní 400 kìlómítà láti Kútọnu dé Pàrákú. Ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ibi iná ni mẹ́rì, panápaná àdúgbò, ọlọ́kadà àti ìyá oníṣòwò. Àwọn yìí ni òfin gbọ́dọ̀ fún lówó àti àṣẹ kí ewu tó dé. Faransé ni a fi kọ òfin wa, Baatonu, Dendi, Fúlàní àti Yorùbá la sì fi ń ké gbàmí.

Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú tó wà níbí: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ètò pàjáwìrì Pàrákú sétí àwọn ará ọjà Arzèkè ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Bí kò bá sí ètò láti kà, ẹ wá sọ ìyẹn náà fún wọn.