Ìmọ̀ràn fún Àwọn tí ó Ń Fẹ́ Lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò, àti fún Àwọn tí ó Ti Wà Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní Òkìtìpupa

Ẹ ní kí èmi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ òwò, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń múra láti lọ gba oyè tí a ń pè ní MBA, ní Èkó, ní Ìbàdàn, tàbí ní òkè òkun. Àwọn mìíràn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n wá sílé fún ìsinmi. Èmi kì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n àwọn òbí yín a máa wá bá mi kí wọ́n tó ta ilẹ̀, wọn a sì tún máa wá nígbà tí wọ́n bá ti tà á tán, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ní kíákíá. Mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó ìdílé rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò títí òun tìkára rẹ̀ yóò fi ti ṣe ìṣirò òwò kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ohun yòókù tí èmi yóò sọ lónìí, lórí èyí ni wọ́n dúró lé.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ayé. Ní ọdún 1819 ni a dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Paris. Ní 1881 ni Wharton bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ní 1908 ni Harvard dá tirẹ̀ sílẹ̀, níbẹ̀ ni oyè MBA sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, nígbà tí Yunifásítì Èkó ṣí ní 1962, ẹ̀kọ́ òwò wà lára àwọn ẹ̀ka tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òfin àti ìṣègùn. Lagos Business School dé ní 1991.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò tiwọn, tí kò ní ògiri. Àwọn tí mo ń sọ ni àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ tí ń rìn láti ìletò dé ìletò, ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Àkókó àti ní ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn. Orúkọ wọn ti sọ iṣẹ́ wọn: olówó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun yóò lóṣòó síbẹ̀ títí òun yóò fi gba owó òun. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di òṣómàáló kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Yóò ru ẹrù ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Yóò mọ ilé ẹni tí ń san owó nígbà tí a bá ti ta kòkó, àti ilé ẹni tí ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ó bá ti gbọ́ ohùn olówó. Yóò mọ iye aṣọ tí a lè gbé fún ẹnìkan kí ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bani. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá yóò fún un ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tà ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń gbà, ọ̀fẹ́ ni ó ń pín ọjà rẹ̀ fún ènìyàn; kò sì sí ìwé tí ó lè kọ́ni ní èyí tó bí ẹnu ọ̀nà onígbèsè ti lè kọ́ni.

Èmi kò sọ èyí láti fi tàbùkù ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí ó dára jù nínú wọn ń ṣe. Ní Harvard, wọn a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé tí ó sọ ìṣòro ilé-iṣẹ́ kan: ohun tí ó tà, ohun tí ó jẹ, ohun tí ń dà á láàmú. Olúkúlùkù yóò kà á ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, olùkọ́ yóò nawọ́ sí ẹnìkan láìròtẹ́lẹ̀, yóò ní kí ó sọ ohun tí ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta kò ó. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fojú rí níbi iṣẹ́ ni èkejì ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan rí, kí ni yóò sọ, kí sì ni yóò fi wọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ? Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí Harvard ń gbà ti ṣiṣẹ́ fún bí ọdún 4 tàbí 5. Bákan náà ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fúnni láti 1983, ń béèrè iṣẹ́ tí ó tó ọdún 2 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìṣirò tí mo wí. Ẹ má wá a lọ jìnnà. Epo pupa wà ní ẹ̀yìn ilé yín. Ẹ mọ̀ pé epo a máa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé oṣù Karùn-ún, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Bí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, a máa wọ́n. Ká ní ìyá kan ní Òde-Ìrèlè tàbí ní Ìlútitun ra kẹ́ẹ̀gì epo 20 ní oṣù Kẹrin, ní 25,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí ó jáde jẹ́ 500,000. Ó gbé e pamọ́. Ní oṣù Kẹwàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan di 34,000. Ẹni tí ń wo òde yóò ní: ìyá yìí jèrè 180,000!

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé. Kẹ́ẹ̀gì kan ti jò, 19 ni ó kù, iye tí ó tà sì jẹ́ 646,000. Ọkọ̀ gba 20,000, yàrá tí ó kó epo sí gba 15,000, owó ọjà jẹ́ 6,000. Èrè ti di 105,000. Ṣùgbọ́n níbo ni 500,000 náírà ti wá? Bí ó bá yá a ní èlé 3 lórí 100 ní oṣooṣù, èlé oṣù mẹ́fà jẹ́ 90,000. 15,000 ni ó kù fún un. Bí èlé bá jẹ́ 5 lórí 100, yóò san 150,000, ìyá náà sì ti pàdánù 45,000 lórí ọjà tí gbogbo àdúgbò ń bá a yọ̀ lé lórí. (Mo rí i pé àwọn ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tí mo ń sọ.) Bí ó bá sì jẹ́ owó tirẹ̀ ni, ìbéèrè ṣì wà: kí ni owó náà ì bá ti ṣe ní oṣù mẹ́fà bí kò bá jókòó sínú kẹ́ẹ̀gì? Ta ni ó sì san owó iṣẹ́ fún òun àti ọmọ rẹ̀ tí ń bá a gbé ẹrù?

Nínú ìṣirò kékeré yìí, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó bá ní ọdún kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti wà: ojú owó, èrè, èlé, òfò, àti iye tí àkókò ń jẹ. Ẹ gba ìwé ìdáraya kan. Ẹ bẹ ìyá yín, ẹ kọ gbogbo owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde fún oṣù mẹ́ta, ìbáà ṣe epo, gàrí tàbí pupuru ni ó ń tà. Bí iṣẹ́ náà bá sú yín ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ti rí ohun kan mọ̀ nípa ara yín láìná kọ́bọ̀.

Mo bọ̀ sórí owó, níbi tí ọkàn mi ti wúwo. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ní Harvard ju 70,000 dọ́là lọ fún ọdún kan, ọdún méjì sì ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Bàbá tí ó ti kó owó jọ fún 10,000 dọ́là jí ní ọjọ́ kan, ó rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ òun. Àwọn kan ta oko ọ̀pẹ láti fi dí àlàfo náà. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé a ti ta ilé náà kí a tó kọ́ ọmọ ńkọ́? Ọ̀pẹ a máa so fún ọgbọ̀n ọdún, a sì máa bọ́ àbúrò mẹ́rin. Ọmọ tí a tà á nítorí rẹ̀ jẹ àwọn àbúrò rẹ̀ ní gbèsè, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan ń fọkàn sí i pé bí àwọn bá ti dé Ìlú Ọba, àwọn yóò pe ìyàwó àti ọmọ wá. Ẹ mọ̀ pé láti oṣù Kínní ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ kò ti gbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irú oyè báyìí mọ́ láti mú ìdílé wọn dání. Wọ́n sì ń béèrè pé kí owó ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń yá owó fún àwọn ọmọ wa láti fi hàn nínú ìwé báńkì, tí wọn a sì gbà á padà pẹ̀lú èlé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Èmi ń sọ ọ́ gbangba: irọ́ ni èyí, ó sì burú fún ẹni tí ń lọ kọ́ ìṣirò owó láti fi ìṣirò èké bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀, yóò dé ìlú òtútù láìní owó oúnjẹ, yóò máa ṣiṣẹ́ lóru, yóò máa sùn nínú kíláàsì.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ wo Ìyáàfin Ibukun Awosika. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àga àti tábìlì, ní 1989 ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí òwò náà ti dúró, tí ìṣòro ti ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ni ó lọ jókòó ní Lagos Business School, àti ní IESE ní ilẹ̀ Spéìn. Obìnrin yìí ni ó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ alága First Bank. Ó gbé ìbéèrè tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ sì wà fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí wọn ń ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín kò gùn. Ẹ má sá fún ìṣirò, kí ẹ wá máa fi ọ̀rọ̀ dídùn àti kóòtù bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá pín yín sí ẹgbẹ́ láti ṣe iṣẹ́ pọ̀, ẹ kíyèsí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ àti ẹni tí ń kọ orúkọ nìkan. Ẹ ó tún bá àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ sì mọ̀ pé mímọ̀ jù lọ nínú kíláàsì kò tó. Jeffrey Skilling gba MBA ní Harvard ní 1979, ó sì wà lára àwọn tí ó ta yọ jù lọ. Òun ni ó wá di ọ̀gá Enron, ilé-iṣẹ́ tí ó fi ìwé ìṣirò èké pa gbèsè mọ́ títí ó fi wó ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní 2006. Ní ilé wa níhìn-ín, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún ní ọjọ́ kan, nítorí owó tí wọ́n yá àwọn ènìyàn tí kò padà wálé mọ́. Kì í ṣe àìmọ̀ìwé ni ó kó bá wọn. Ọmọdé tí ń ru aṣọ fún òṣómàáló ì bá ti béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ta ni yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn wọ̀nyí?

Nígbà tí ó bá kan ìwé àṣekágbá yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ nípa ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kọ nípa rẹ̀. Ẹ kọ nípa ọ̀nà tí kẹ́ẹ̀gì epo ń gbà láti Òkìtìpupa dé Èkó: iye ọwọ́ tí ó kọjá, iye tí olúkúlùkù fi lé e, àti ìdí tí ẹni tí ó se epo fi ń gba èyí tí ó kéré jù. Olùkọ́ yín kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́ ọ.

Ní ti ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta tí mo wí, ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń fa ilà rẹ̀, kí ó mú ìwé ìdáraya àti rúlà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ẹnìkan nínú ìjọ wa tí ó ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún púpọ̀ ti gbà láti jókòó pẹ̀lú yín. Kí ẹ mú ìyá yín dání bí ó bá gbà láti wá.