Jíjọra Ò Ní Kí Wọ́n Jẹ́ Ọmọ Ìyá



Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí ìyá bàbá mi ní Igbókòdá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ yìí mà rọ̀ o! Ìwọ kì í ṣe Ìlàjẹ." Ó dùn mí. Màámá àgbà ló dá wọn lóhùn: "Ọkọ̀ tí ẹ ń wà ló sọ ọwọ́ yín di líle. Ẹni tó bí i ni kí ẹ béèrè."

Ìṣòro yẹn gan-an ló ń bá àwọn tó ń ya igi ìran ẹ̀dá fínra, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn ẹ̀dá tó bá ara wọn tan.

Ẹ wo dolphin inú òkun, àti manatee, ẹran ńlá tó ń jẹ koríko nínú odò àti ọ̀sà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Àǹgólà. Àwọn méjèèjì ò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìrù wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èèyàn á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Rárá o! Erin ni mọ̀lẹ́bí manatee. Erinmi ni dolphin bá tan. Omi ló mú wọn jọra. Ọwọ́ líle kì í ṣe ohun tí à ń jogún, ṣùgbọ́n ti àwọn ẹranko yìí, àjogúnbá ni: láti ìran dé ìran, èyí tí ara rẹ̀ bá omi mu ló ń yè, òun ló sì ń bímọ jù. Àṣàyàn àdánidá nìyẹn.

Ẹ lè ní, "Ṣebí DNA wà?" Òun náà máa ń tanni. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ prestin, iṣẹ́ etí ló ń ṣe. Dolphin àti àwọn àdán kan máa ń pariwo, wọ́n á fi gbohùngbohùn rẹ̀ mọ ibi tí oúnjẹ wà. Lọ́dún 2010, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi èròjà tí prestin ń ṣe ya igi ìran, igi náà kó àwọn àdán yìí mọ́ dolphin! Iṣẹ́ kan náà ló ti yí jíìnì wọn sí ọ̀nà kan náà.

Kí ni ṣíṣe? A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Jíìnì púpọ̀ ni kí á yẹ̀ wò, pàápàá àwọn ibi tí ìyípadà DNA ò ti pa iṣẹ́ kankan dà. Àṣàyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtàn ìran máa ń pamọ́ sí.

Ọwọ́ mi ṣì rọ̀. Fóònù ni mo ń tẹ̀, n kì í wa ọkọ̀. Ìlàjẹ náà ṣì ni mí.