Òṣùwọ̀n Ẹlòmíràn àti Ẹ̀jẹ̀ Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí a bá yín sọ ni ti àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fun, àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè sọ fún oníṣègùn nípa ibi tí àrùn náà yóò yọrí sí.

Ní 1863 ni Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ-ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ a máa péjọ sínú kókó jẹjẹrẹ. Ọmọ-ogun wọ̀nyí kì í ṣe irú kan náà. Neutrophil ni í kọ́kọ́ sáré dé ibi tí ara bá gbé wú tí ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n bí ogun náà bá pẹ́, òun kan náà a máa ran kókó lọ́wọ́ láti tàn kálẹ̀. Lymphocyte ni ó ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ tí ó sì ń bá a jà. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe ń fi iye lymphocyte pín iye neutrophil kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní 6,000 neutrophil àti 2,000 lymphocyte nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan, èsì tirẹ̀ ni 3. Ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé aláìsàn tí èsì rẹ̀ ga kì í sábà pẹ́ láyé tó èyí tí tirẹ̀ kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ta ni a fi ṣe òṣùwọ̀n náà? Ti ará Éṣíà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù. Àwa Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò ní àmì Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Àìní yìí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan tí a ń pè ní vivax, ogún rere ni; ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń mú kí neutrophil wa kéré láìsí àìsàn kankan, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fi hàn ní 2009. Bí arákùnrin wa bá ní 3,000 àti 2,000, èsì rẹ̀ di 1 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n àjèjì wò ó lè ní kò séwu, nígbà tí ewu ti wọlé. Ibà lásán tàbí egbò eyín pẹ̀lú lè da ìṣirò náà rú.

Àwọn Yorùbá Ìbàdàn ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, gbogbo ayé sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ó yẹ kí a jàǹfààní tiwa. Kíka ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n. Kí àwọn oníṣègùn ní Ìkẹjà, àti ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019, máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí ó ti rí fún un ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, kí a lè rí òṣùwọ̀n tí ó bá wa mu.

Ẹ gbọ́ o, kíka ẹ̀jẹ̀ yìí kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá àrùn náà wà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, pàápàá amusìgá àti ọ̀mutí, tàbí ẹni tí òkèlè ń há lọ́fun, kí ó lọ sí Ìkẹjà kí a wo inú ọ̀fun rẹ̀. Agbo kì í ṣe ọ̀tá wa, ṣùgbọ́n agbo kò ní ojú tí yóò fi wo ibẹ̀.