Oògùn Ìrora Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ọ̀dọ́

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ẹni tí Ó fi làákàyè jíǹkí ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò jẹ́ fi ẹnu kan ọtí ni ó ń gbé tramadol mì, tí ó sì ń mu oògùn ikọ́ oní-codeine. Àwíjàre wọn ni pé oògùn òyìnbó ni, kì í ṣe ọtí. Sharia kò wo ìgò tàbí orúkọ. Ohun tí ń gba làákàyè ni ó kà léèwọ̀. Bí dókítà bá fi ìwọ̀n tí ó yẹ fún aláìsàn, oògùn ni. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá ń lò ó kí ó lè yó, ó ti di ọtí.

Ẹni tí ń ru ẹrù ní ọjà Kútọ̀, tàbí tí ń wa ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ ibẹ̀, lè rò pé oògùn náà ń fún òun lágbára. Kò fún un lágbára kankan. Ìrora tí ìbá sọ fún un pé kí ó sinmi ni ó pa lẹ́nu mọ́. Nínú ẹ̀dọ̀ ni codeine ti ń di morphine, tí í máa mú kí èémí falẹ̀. Bí ó bá pọ̀jù, tàbí tí ó bá pàdé ọtí nínú ara, èémí lè dúró lójú oorun. Tramadol a sì máa fa gìrì.

Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọ Nàìjíríà. Ìwádìí tí àjọ UNODC kópa nínú rẹ̀, tí ó jáde ní 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ni ó ṣi irú oògùn ìrora wọ̀nyí lò láàárín ọdún kan. Òfin nìkan kò lè gbà wọ́n là.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ kan bá lò ó, tí ó ń hanrun tí kò sì ṣeé jí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da mílíìkì tàbí epo sí i lẹ́nu. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àṣírí tí ó pa ènìyàn kì í ṣe àṣírí rere.

Bí ó bá sì ti di bárakú fún ọmọ, kí òbí má ṣe lé e jáde. Àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni. Ilé ìwòsàn Àró, tí ó ti wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, ń tọ́jú irú wọn.

Kí Allah ṣọ́ làákàyè àwọn ọ̀dọ́. Àmín.