Ìgbà Tí Idà Bá Ṣẹ́



Ọ̀rọ̀ eré idà ni a mú wá lónìí. Àwọn Faransé ń pè é ní escrime. Ènìyàn méjì ni ó ń kojú ara wọn. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí ó nípọn, wọ́n sì fi ìbòjú onírin bo ojú. Bí idà ẹnì kan bá kan ẹnì kejì, iná mọ̀nàmọ́ná a tàn, a ó sì ka máàkì fún un.

Ní ọdún 2012, ní Lọ́ńdọ̀nù, Alaaeldin Abouelkassem, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré yìí ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan tí ó gba irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2016, Inès Boubakri, obìnrin ilẹ̀ Tùnísíà, gba ti idẹ ní Brazil.

Ǹjẹ́ agbára apá nìkan ni ó gbé wọn débẹ̀? Rárá o. Idà a máa ṣẹ́, nítorí náà ọ̀kan kò tó. Eléré idà ń fẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá àwọn ará ilẹ̀ mìíràn díje, kí ó lè ní ipò láàrin wọn. Owó ni gbogbo rẹ̀.

Ta ni yóò san án? Òbí nìkan kò lè dá a gbé. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ní owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn eléré. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilẹ̀ eléré náà ni ó ń kọ̀wé béèrè fún un. Bí wọn kò bá kọ̀wé, owó kò ní dé. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkọ wúlò!

Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàlì ni wọ́n yàn fún Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 2026. Eré idà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ọmọ bá gba àmì-ẹ̀yẹ tán, gbogbo wa ni a ń sọ pé ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí idà rẹ̀ ṣẹ́ ni ó nílò wa. Ta ni í dúró de ìkórè kí ó tó fún àgbẹ̀ ní irúgbìn?

Bí ọmọ abúlé yín bá mọ eré kan ṣe, ìbáà ṣe eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ bèèrè ohun tí ó kù fún un. Ẹ dá owó jọ ní gbangba. Ẹ kọ èyí tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.