Bí ọmọ ajá bá ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀

Ẹnì kan lè ní, ṣé ọ̀rọ̀ ajá ló kàn báyìí? Ó kàn fún ọmọ tó gbé ajá rẹ̀ la omi kọjá.

Àrùn parvo ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6 ló sábà máa ń mú. Kò ní jẹun, yóò máa bì, yóò sì máa yàgbẹ́ olómi tó ní ẹ̀jẹ̀, tó ń rùn gan-an. Àwọn kan á ní ó jẹ májèlé, wọ́n á da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiwa náà. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Yóò fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, èsì kì í pẹ́. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yìí nínú ara. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára àti oògùn èébì ló ń mú un dúró títí ara rẹ̀ yóò fi ṣẹ́gun.

Ẹ yà á sọ́tọ̀. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà wa lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ajá mìíràn, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Ẹ kó ìgbẹ́ náà kúrò, kí ẹ da bíléèṣì ife 1 sínú omi ife 30, kí ẹ fi fọ ibẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Èyí tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí wọ́n máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.